Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Àpáta

"Ìyá, níbo lẹ ti ṣubú?"

Ọkùnrin tó ń to eegun ló tún béèrè. Ó ti fi òrí pa ọwọ́, ó sì ń rọra tẹ ọrùn ẹsẹ̀ arúgbó náà tó wú bí elégédé.

"Oko," ni Rhoda dáhùn. Ó kọjú sí ògiri.

"Apá ibo nínú oko?"

"Apá ibi tí mo ti ń ro ó."

Jethro Ọlábímtán, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di àkẹtẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ mú níwájú ikùn bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni oko ìyá rẹ̀. Èèyàn lè di ojú rìn ín já láìkọsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ó pẹ́ tí òjò ti kan ilẹ̀ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ìró tí wọ́n bọ́ lára Rhoda ń kán omi tótó lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Igbá tí àwọn obìnrin bá a gbé délé wà ní igun yàrá. Kànrìnkàn tútù ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tí a fi ewé wé. Ta ló ń ru ọṣẹ lọ sí oko ẹ̀gẹ́?

Ọkùnrin náà wo igbá, ó wo Jethro, ó sì yára wo ilẹ̀. Kò béèrè mọ́. Ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ náà, ó ní kí Ìyá má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí òun yóò fi padà wá, ó sì kọjá lára Jethro láìwo ojú rẹ̀. Ó yẹ kí Jethro sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjèèjì kò sọ ti kún ẹnu ọ̀nà náà.

Odò-Àkèrè ni orúkọ ìlú wọn, odò Àkèrè ló sì fún un lórúkọ. Lọ́dún tó ṣáájú, Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tó ń bójú tó agbègbè náà gun mọ́tò wá sí ìpàdé ìgbìmọ̀ ìlú. Ó ní ìjọba ní Kàdúná ti ya owó sọ́tọ̀ fún ìlú tó bá lè kọ́ ibi ìgbafẹ́ fún ará ìlú: pápá bọ́ọ̀lù, ìjókòó lábẹ́ igi, àti adágún tí a fi síméńtì mọ, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ yóò ti máa kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ràn rere ni. Odò máa ń gbé ọmọ lọ lágbègbè wọn nígbà òjò, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pàápàá kò sì mọ omi wẹ̀. Ṣùgbọ́n Ajẹ́lẹ̀ ní ìlú tí kò bá ní àwòrán ibi tó fẹ́ lò kí òjò tó tún dé, ìlú mìíràn ni owó rẹ̀ yóò bá lọ.

Jethro ni alábòójútó iṣẹ́ fún ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tí kì í fi nǹkan ṣòfò ni. Ìṣó tó bá tẹ̀, ó ń nà án ni, kì í jù ú nù. Inú ìwé tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá pẹ̀lú ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ta ayò. Kí owó ìjọba wá sẹ́nu ọ̀nà Odò-Àkèrè, kí ó sì padà lọ nítorí pé kò sẹ́ni tó lè ya àwòrán, ojú Jethro kò ní í rí i.

Ó wo ibi mẹ́ta. Èyí tó wà lẹ́yìn kóòtù gbẹ bí igbá. Èyí tó wà lójú ọ̀nà Ògìdì jẹ́ àbàtà, ìgbín inú omi pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ tó bá sì wọ̀ ọ́ ń tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ibi tí odò Àkèrè ti yí sábẹ́ àpáta ńlá: ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òkúta, omi rẹ̀ mọ́, kì í sì í gbẹ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adágún, Ọlọ́run ti bá a mọ ọ́n dé ìdajì. Nínú àwòrán rẹ̀, Jethro pè é ní Àyè Kẹta.

Ìsàlẹ̀ Àpáta ni àwọn obìnrin ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wẹ̀ láti ìgbà tí ìlú ti wà.

Kò sí ọkùnrin kan tí kò mọ̀. Ẹ̀yìn ìyá kálukú ni ó ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ọmọkùnrin a máa bá ìyá rẹ̀ lọ, a máa jókòó sínú omi tó mọ sí ìdí, títí yóò fi tó ẹni tí wọ́n ń lé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé e, ó parí. Bí ó bá fẹ́ gba ojú ọ̀nà náà kọjá lẹ́yìn ìyẹn, yóò kọ́kọ́ wúkọ́ kí wọ́n lè mọ̀ pé ọkùnrin ń bọ̀, kò sì ní í dárúkọ ibẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Àgbàlagbà ọkùnrin tó bá la ẹnu sọ ibi tí obìnrin ń wẹ̀, wọn yóò bi í pé kí ló lọ wò níbẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ fi ìka lé Àyè Kẹta tó sì béèrè pé ta ló ń lo ibẹ̀, tí Jethro sì túmọ̀ rẹ̀ fún ìgbìmọ̀, yàrá náà dákẹ́. Olóyè Gbádéyan, alága, bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú fìlà rẹ̀. Thomas, tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, tí kì í fi ẹnu sílẹ̀ rárá, rí nǹkan kan lára èékánná rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ tún béèrè. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tó. Jethro wo gbogbo wọn yíká, ó wo àwòrán rẹ̀ tó mọ́ rekete, ó sì fi èdè òyìnbó dáhùn pé kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Gbogbo wọn mí kanlẹ̀. Olóyè Gbádéyan ní bí ọmọ àwọn ṣe wí náà ni.

Òfin ní kí wọ́n kéde kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àwíjàre lè wá sọ ọ́. Jethro lẹ ìwé ìkéde mọ́ ara ògiri kóòtù, ní èdè òyìnbó àti èdè Haúsá, bí wọ́n ṣe ń ṣe gbogbo ìkéde ìjọba lápá Òkè Ọya. Ìwé náà wà níbẹ̀ títí oòrùn fi jẹ ẹ́. Kò sẹ́ni tó wá. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé kò sẹ́ni tó wá.

Nígbà tí ó kó àwọn lébìrà lọ wọn ilẹ̀, ó mú ọjọ́ ọjà, nígbà tí oòrùn wà láàárín ọ̀run. Bí wọ́n ṣe dé ibi tí ọ̀nà ti yí, Jethro wúkọ́. Ó ti wúkọ́ kí ó tó mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn lébìrà rẹ́rìn-ín sínú, èkejì sì gbá a ní ìgúnpá. Ẹni tó ní kò sẹ́ni tó ń lo ibì kan, ta ló ń wúkọ́ fún? Jethro ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó na okùn ìwọ̀n, ó kan èèkàn, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìṣe àṣìṣe kan.

Wọ́n mọ ògiri síméńtì dí odò náà, wọ́n fi pákó ṣe ilẹ̀kùn tí a lè fà sókè kí omi lè máa lọ, wọ́n sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí gbogbo rẹ̀ ká. Àwọn obìnrin kò jà. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni sí ìgbìmọ̀. Lọ́jọ́ kan wọ́n dé, wọ́n bá wáyà, wọ́n sì yí padà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gun òkè lọ sí odò kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí òkúta ti ń yọ̀ bí ilá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀ ni ìṣílé adágún náà. Ọ̀gá ńlá kan ń bọ̀ láti Kàdúná. Ajẹ́lẹ̀ ti sọ fún Jethro pé òun yóò kọ̀wé kí wọ́n lè gbé e ga sí ipò tó kọjá ti ìlú kékeré.

Bíọ́lá, ìyàwó rẹ̀, ń gé iṣu nígbà tí Jethro wọ inú ilé ìdáná. Ó bi í pé ṣé òdìkejì òkè ni Ìyá ti ṣubú. Bíọ́lá kò gbójú sókè. Ó ní kí ó lọ bi Ìyá.

"Ìwọ ni mo ń bi. Ìwọ pẹ̀lú ń lọ síbẹ̀. Láti ìgbà tí a ti ń kọ́ adágún náà, o kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Bàbá Ṣọlápé, kí ni kí n sọ?" Ó gbé ọ̀bẹ lélẹ̀. "Kí n jókòó tì yín ní pálọ̀, kí n máa ṣàlàyé ibi tí ìyá yín ń bọ́ aṣọ sí?"

Jethro ní ọkọ rẹ̀ ni òun.

"Lálẹ́ ni ẹ jẹ́ ọkọ mi. Ní kóòtù, ọkùnrin ìgbìmọ̀ ni yín. Èmi kò mọ èyí tó máa gbọ́ nínú àwọn méjèèjì." Ó tún gbé ọ̀bẹ. "Ẹ má bi mí mọ́. Ẹ mọ ibẹ̀ kí n tó mọ̀ ọ́n. Ilé yín ni wọ́n ti mú mi lọ."

Jethro padà sí yàrá ìyá rẹ̀. Arúgbó náà kò sùn. Ìgbà tí bàbá Jethro kú, Rhoda nìkan ló ro oko tí wọ́n fi rán an lọ sí iléèwé àwọn míṣọ́nnárì, kò sì fìgbà kan sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé òun ṣe é. Kì í ṣe obìnrin tó ń sọ ohun tó ṣe. Jethro jókòó sórí àpótí, ó ní kí ó jọ̀wọ́ má pe oko mọ́, nítorí pé oko kọ́.

"Bí mo bá ní oko, oko ni. Oko mi ni, n ò lọ ro tìrẹ."

"Ìyá."

"Jẹ́ kí n sinmi."

Ewúrẹ́ kan yọjú wọlé, ó rí wọn, ó sì jáde. Níkẹyìn Rhoda yí orí padà láti ara ògiri, ó sì wo ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò le. Ì bá sàn fún Jethro kí ó le.

"Wọ́n ní nígbà tí òyìnbó bi yín pé ta ló ń lo ibẹ̀, ìwọ lo dáhùn. Wọ́n ní o ní kò sẹ́nìkan." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò yé e. "Mo gbé ọ lọ síbẹ̀ nígbà tí ìwọ́ rẹ kò tíì já. Orí òkúta yẹn ni mo ti ń fọ̀ ọ́, títí o fi tó ẹni tó ń rìn wọnú omi fúnra rẹ̀. Kò sẹ́nìkan. Jethro, èmi ni kò-sẹ́nìkan yẹn?"

Bí Jethro bá wólẹ̀ fún un, arúgbó náà yóò ní kí ó dìde. Bí ó bá sunkún, yóò ní kí ó jáde. Ó jókòó sórí àpótí náà bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ọn, títí Bíọ́lá fi gbé iṣu wọlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ó lọ sí ilé Olóyè Gbádéyan. Ó bá bàbá náà lórí àga gbọọrọ níwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n jọ kí ara wọn ní okun o, okun o, wọ́n béèrè àlàáfíà ilé àti ọmọ. Olóyè náà ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Rhoda. Ó ní ó dun òun, ó sì ní òun gbọ́ pé oko ni. Bí ó ṣe sọ oko yẹn, kò wo Jethro.

Jethro sọ ohun tó bá wá. Ó fẹ́ kí alága fúnra rẹ̀ bá Ajẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó ṣí ibẹ̀. Lẹ́yìn ìṣílé, tí ọ̀gá ti Kàdúná bá ti gé rìbọ́n, tí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri, kò sẹ́ni tó máa lè dá a padà mọ́.

"Èmi?" ni Olóyè Gbádéyan wí. "Pẹ̀lú irun funfun yìí? Kí n dìde láàárín ìgbìmọ̀, kí n ní ẹ̀yin ará, mo mọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń tú ìró?" Ó fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. "Thomas yóò sọ mí di orin títí ọjọ́ ikú mi."

"Gbogbo wa la mọ̀, bàbá."

"Mímọ̀ kọ́ ni wàhálà. Ìwọ rò pé èmi kò mọ ohun tó ń lọ? Àwọn ìyàwó mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá mi jà. Omi ìwẹ̀ mi ni wọ́n ń dín kù. Tẹ́lẹ̀ mo ń wẹ odindi garawa kan. Nísinsìnyí, bí mo bá bu omi sórí, kì í dé orúnkún. Mo bi ìyálé mi, ó ní ọ̀nà ti jìn." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, owó ti bọ́ sínú síméńtì. Bí a bá sọ pé a kò lò ó mọ́, ìlú aláṣedànù ni wọn yóò máa pè wá. Ìwọ tí o kì í fi ìṣó ṣòfò, o fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣòfò? Jẹ́ kí ó lọ. Obìnrin máa ń wá ọ̀nà tiwọn."

Bí ó ṣe ń rìn lọ sílé ni ọ̀rọ̀ ìṣó yẹn ń yí lọ́kàn rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí ohun tí òun kórìíra tó ìfiṣòfò. Ṣùgbọ́n ó rántí ohun tí òun ti fi ṣòfò láìkà á kún: ẹsẹ̀ gbogbo obìnrin ìlú, lójoojúmọ́, lórí òkè, láti lọ àti láti bọ̀. Kò sí ibi tó fi ìyẹn sí nínú àwòrán rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Ajẹ́lẹ̀ dé. Inú rẹ̀ dùn. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ibi tí àga yóò wà, nípa orin tí àwọn ọmọ iléèwé yóò kọ, nípa iye dògáràì, ọlọ́pàá ìbílẹ̀, tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ogunlọ́gọ̀ má bàa wó wáyà. Thomas ní kí Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sínú omi kí àwọn lè rí bí funfun ṣe ń léfòó, Jethro sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà tó ní ọ̀wọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ajẹ́lẹ̀ béèrè bóyá ó ku ohunkóhun.

Jethro dìde. Bí ó bá fi èdè òyìnbó sọ ọ́, ìdajì yàrá náà kò ní í gbọ́, òun yóò sì ti fara pamọ́ sẹ́yìn èdè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọjú sí àwọn bàbá.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ foríjì mí. Ìsàlẹ̀ Àpáta ni ibi tí àwọn ìyá wa ti ń wẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Wọ́n bi mí, mo ní kò sẹ́ni tó ń lò ó. Irọ́ ni mo pa."

Olóyè Gbádéyan gbé abẹ̀bẹ̀ bo ojú. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé kí wọ́n mú un jókòó. Thomas, tí gbogbo wọn rò pé yóò rí nǹkan kan sọ, tẹ orí ba bí ọmọ tí olùkọ́ ń bá wí. Jethro yíjú sí Ajẹ́lẹ̀, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò.

Ojú òyìnbó náà pọ́n díẹ̀díẹ̀, láti ọrùn lọ sókè. Ó ní ìkéde wà lára ògiri, kí ló dé tí obìnrin kankan kò wá. Jethro ní èdè òyìnbó àti Haúsá ni ìkéde náà, kò sì sí obìnrin kan ní Odò-Àkèrè tó lè ka èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ajẹ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lu ìkéde yẹn. Ó bi ìgbìmọ̀, ní Yorùbá tó ń kọsẹ̀, bóyá òótọ́ ni. Olóyè Gbádéyan mi orí láti ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Òyìnbó náà kò pariwo. Ó ní òun yóò fi wáyà ránṣẹ́ sí Kàdúná pé kò sí ìṣílé mọ́. Ó ní kí wọ́n fa ilẹ̀kùn pákó yẹn sókè lọ́jọ́ náà kí omi lè máa lọ, kí wọ́n sì ká wáyà ẹlẹ́gùn-ún náà kúrò. Kí ìgbìmọ̀ lọ gbọ́ ohun tí àwọn obìnrin fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún fi òkúta kan lé òkúta níbẹ̀. Ó sì sọ fún Jethro, ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, pé ìwé tí òun fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò sí mọ́.

Nígbà tí mọ́tò rẹ̀ ti lọ, Olóyè Gbádéyan béèrè pé ta ni yóò lọ bi àwọn obìnrin. Gbogbo wọn wo Jethro. Wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó dàárọ̀.

Jethro fúnra rẹ̀ ló lọ fa ilẹ̀kùn pákó náà sókè. Ó dúró títí omi fi padà sí bó ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé. Lọ́nà, ó ti rò ó pé òun yóò sọ fún ìyá òun, àti pé bóyá yóò tún pe òun lórúkọ oríkì tó ń pe òun nígbà tí òun wà léwe.

Rhoda gbọ́ ọ dé òpin. Ó fi etí aṣọ bo ẹnu.

"O sọ ọ́ lójú gbogbo wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Lójú Gbádéyan? Lójú òyìnbó?"

"Ìyá, wọn ì bá ti ṣí i. Wọ́n á ti gbà á."

Arúgbó náà fi aṣọ bo gbogbo ojú. Jethro rò pé ó ń sunkún, ṣùgbọ́n nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ.

"O ṣe ohun tó yẹ. N kò ní o kò ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún tú aṣọ níbẹ̀, ojú gbogbo wọn ni n ó máa rí lórí àpáta. Bíọ́lá kéré, á gbàgbé. Kí Bíọ́lá máa lọ." Ó tún yí sí ògiri. "Èmi á máa wẹ̀ nílé."

Ìtìjú tó wà lára Jethro tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀n. Èyí kò ní. Ó ti fi ìdákẹ́jẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ gba èyí tó kù. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé garawa ńlá tí wọ́n ń fi pọn omi.

Bíọ́lá bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Ó ní Ìyá yóò wẹ̀. Bíọ́lá ní kí ó gbé e sílẹ̀, kí òun lọ. Ó ní oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, gbogbo ìlú ń wo ìta. Jethro ti wà lójú ọ̀nà.

Ó gba ojú títì kọjá, nínú kakí iṣẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú garawa lọ́wọ́. Àwọn tó ń ta ayò níwájú ilé dẹ́kun títa. Thomas yọjú láti inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Jethro dé òkè odò, níbi tí gbogbo ìlú ti ń pọn omi mímu. Àwọn obìnrin pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró bí ìgbà tí wọ́n fi ìdérí dé ìkòkò. Wọ́n yẹ fún un.

Ó bu omi títí garawa fi kún. Ó gbé e dé ìgbáyà, ó mì, omi dà sí i láyà, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Ó tún dà. Obìnrin ì bá ti sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé bá mi gbé e, kò sí obìnrin tó ń dá omi gbé rù. Kò sẹ́ni tó rìn sún mọ́ ọn. Rebecca wà láàárín wọn, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ, òun sì ni ó ṣáájú àwọn tó gbé Rhoda délé. Ó káwọ́ gbera, ó ń wò ó.

Jethro gbé garawa kalẹ̀. Ó nu ojú.

"Ẹ̀yin ìyá mi, okun o," ni ó wí. "N kò lè dá a gbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé e rù. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá gbà fún mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí n ti bi yín lọ́dún tó kọjá."

Omi ń lọ láàárín òkúta. Obìnrin kan tó ti di omi tirẹ̀ mú tún gbé e sílẹ̀.

"Ta ló ń ru omi láìní òṣùká?" ni Rebecca wí. Ó tú gèlè rẹ̀, ó lọ́ ọ róbótó, ó sì wá dúró níwájú rẹ̀. "Lóṣòó."

Jethro lóṣòó.